Ẹ̀kúnwọ́ Senene Tí Mo Jẹ ní Kemondo

Lẹ́tà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kọ sí mi kò ju ìlà mẹ́rin lọ, mo sì ti kà á títí tí mo fi lè kà á láìwo ìwé. Ìlà kìíní ní kí n wá sí Bukoba ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá. Ìlà kejì ní kí n ti fọwọ́ sí ìwé kí agogo méjì ọ̀sán tó lù. Ìlà kẹta ní bí agogo bá lù tí n kò tíì dé, àyè mi di ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé tèmi. Ìlà kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í gba ọkùnrin tó ti gbéyàwó.

Ìlà kẹrin kò kàn mí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ohun tí mo ní láyé kò ju àpótí páànù kan lọ. Ìlà kẹta ló ń já mi láyà, nítorí Ishengoma ni orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé tèmi, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé wọn àti ilé wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, òun ló wá bá mi gbé àpótí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò ní Kamachumu. Ó fi ọwọ́ kan gbé tèmi, ó ru tirẹ̀ sórí.

"Ìwọ náà ń rìnrìn àjò ni?" ni mo bi í.

"Bukoba ni mo ń lọ. Mo ní kí n sún mọ́ tòsí. Èèyàn ò mọ bí ọjọ́ ṣe máa rí."

"O fẹ́ kí n pẹ́, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n Rwezaura, èmi kọ́. Ẹnu géètì ni màá dúró sí. Bí ẹ bá wọlé, màá kí yín kú oríire, màá gbé àpótí mi padà sílé. Kí ló burú níbẹ̀?"

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú nìyẹn. Ishengoma kò fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni rí. Ó kàn máa ń dúró lẹ́yìn èèyàn ni, pẹ̀lú sùúrù.

Bọ́ọ̀sì náà ń jẹ́ A Ó Dé. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀. Wọn ò kọ ìgbà tí a ó dé sí i. Ta Kaijage ló ń wà á (Ta là ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, Ma là ń pe àgbà obìnrin), ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó máa ń kí àwọn màlúù ẹ̀bá ọ̀nà, tó sì mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Aago méje la gbéra. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, aago mẹ́wàá la ó ti wà ní Bukoba létí adágún, tí n ó ti fọwọ́ sí ìwé, tí n ó ti máa wo Ishengoma bó ṣe ń padà sílé.

Ní Muhutwe, ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú àkùkọ lábẹ́ apá. Kemilembe lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, torí pé ibẹ̀ nìkan ni àyè kù sí. Àkùkọ náà wo mí, ó wo àpótí mi, ó sì yàgbẹ́ sí i lórí.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá," ni Kemilembe wí. "Ara àǹtí mi ní Bukoba ni kò yá, òun ni mo ń gbé e lọ fún. Kò tíì wọ ọkọ̀ rí."

"Kò burú," ni mo dáhùn. "Èmi náà ò tíì ṣe olùkọ́ rí."

Títí dòní n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ó rẹ́rìn-ín ṣá. Eyín rẹ̀ kan gun òmíràn díẹ̀ níwájú.

A kò tíì rìn ju máìlì méjì lọ kúrò ní Muhutwe nígbà tí ojú ọ̀run di àwọ̀ ewé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ìkùukùu ṣì wúwo lókè, ó yẹ kí a ti fura. Senene ni, àwọn tata olóràá tí oṣù kọkànlá máa ń kó wá fún wa. Wọ́n ń dà sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹni kan tú àpò ọkà láti òkè. Wọ́n bo koríko, wọ́n bo ewé kọfí, wọ́n bo ọ̀nà òkè tí bọ́ọ̀sì fẹ́ gùn.

Ta Kaijage gbìyànjú. Mo lè jẹ́rìí sí i. Ó kọ orí bọ́ọ̀sì sí òkè náà, táyà tẹ senene, ọ̀rá wọn yọ̀ lórí ilẹ̀, táyà wá ń yí láìlọ síbì kan. Lẹ́ẹ̀kejì, bọ́ọ̀sì gùn dé ìdajì òkè, ó dúró bí ẹni ń ronú, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà wá sí ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba. Ta Kaijage pa ọkọ̀. Ó yíjú sí wa.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí, "ọ̀nà ti dí. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, àfi kí á jẹ ọ̀nà náà."

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, bọ́ọ̀sì ti ṣófo. Katikíìsì kan yọ Bíbélì kúrò nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí ìjókòó, ó sì gbé àpò náà sáré wọ inú koríko. Ta Kaijage bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní kókó, ó ń rọ senene sínú rẹ̀. Àkùkọ Kemilembe já gbà, ó ń jẹ bí ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí lóòótọ́.

Ma Nyakato, ìyá arúgbó tó jókòó níwájú wa, dúró tì mí.

"Ọmọ mi, kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

"Aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, Ma."

"Aṣọ ṣeé wọ̀. Senene ò ṣeé wọ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ta ló lè já a ní koro? Kò pẹ́ tí mo fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àti ṣòkòtò méjì lé ara wọn, tí senene sì ń fò nínú àpótí mi bí òjò lórí páànù. Mo tilẹ̀ ń bá wọn mú un. Mo rò ó pé bí a bá tètè kó wọn tán, ọ̀nà á là. Kò sí ẹni tó mú senene tó mi lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tó tèmi bí ó ti ń mú un.

Ishengoma nìkan ni kò mú ọ̀kankan. Orí àpótí rẹ̀ ló jókòó sí lábẹ́ igi, ó ká ọwọ́ jọ.

"Wá ràn wá lọ́wọ́ kí á lè tètè lọ," ni mo ké sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yọwọ́. Kí ẹnì kan má baà ní èmi ni mo dá yín dúró."

Ọ̀sán ti pọ́n kí ọ̀nà tó ṣófo tó láti gùn. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ọwọ́ ń já ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ senene, afẹ́fẹ́ sì ń gbá ìyẹ́ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí a kò fi rí ojú ara wa dáadáa mọ́. Ma Nyakato ní láyé àtijọ́ obìnrin kì í fi senene kan ẹnu, òun ò sì jẹ ẹ́ rí. Ẹnu rẹ̀ ń lọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí a dé Kemondo, aago kan ti kọjá. Ta Kaijage yà kúrò lọ́nà, ó dúró lẹ́nu ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ta Kaijage," ni mo wí, "aago méjì ni wọ́n dá fún mi."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbé agbada méjì kaná."

"Ẹ lè dín in ní Bukoba."

"Senene tó bá jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì ló kú sí? Ìwọ tí o fẹ́ di olùkọ́, o lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu?"

Mo jókòó sórí òkúta, mo kọjú sí adágún. Omi náà lọ títí ó fi di ọ̀run, ó dákẹ́, kò bìkítà fún aago méjì ẹnikẹ́ni. Òórùn senene tó ń yan nínú ọ̀rá ara rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. N kò tíì jẹun láti àná. Kemilembe wá, ó ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọwọ́.

"Bọ̀dá, ẹ gbà. Ojú yín ti wọnú."

Mo la ọwọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, mo jẹ ẹ́. Ó gbóná, ó ní iyọ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé gbogbo èrò bọ́ọ̀sì ń wò wá.

"Ó jẹ ẹ́," ni Ma Nyakato wí.

"Ó jẹ ẹ́," ni katikíìsì náà wí, ó sì ya àmì àgbélébùú.

Gbogbo wa la mọ àṣà náà. Ẹnikẹ́ni ló lè mú senene, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí ọkùnrin náà sì jẹ ẹ́ lójú èèyàn, ó ku kí ọkùnrin ra ìró tuntun fún un, ó di aya rẹ̀ nìyẹn. Ebi ló jẹ́ kí n gbàgbé. Kemilembe ní àánú ló jẹ́ kí òun gbàgbé. Èrò bọ́ọ̀sì ò gbàgbé ní tiwọn. Láti Kemondo dé Bukoba, Ta Kaijage di bàbá ìyàwó láti ibi tó ti ń wakọ̀, Ma Nyakato di ìyá mi, katikíìsì gbàdúrà ọmọ fún wa, wọ́n sì jiyàn bóyá àkùkọ yẹn lè dúró fún ẹran àna. Kemilembe fi ìró bojú. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ẹ̀rín ló ń rín.

Ishengoma na ọrùn láti ẹ̀yìn wa.

"Ìlà kẹrin," ni ó sọ sí mi létí jẹ́jẹ́. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni o, ẹ̀gbọ́n. Àfi tí wọ́n bá bi mí."

Aago ọwọ́ katikíìsì ti lé ní méjì ààbọ̀ nígbà tí a wọ ìlú. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní gáréèjì kí n wá ibi sunkún sí. Ta Kaijage ní a kì í já ọkọ ìyàwó sílẹ̀ ní gáréèjì. Ó wa gbogbo wa dé ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu géètì. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn wà, akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, alásè, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ gbá koríko. Akọ̀wé àgbà, Ta Lugakingira, ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni agogo kọ́lẹ́ẹ̀jì wà. Wọ́n ti tú u kúrò lórí òpó, wọ́n dojú rẹ̀ sókè, senene kún inú rẹ̀ dé etí, alásè sì fi awo bò ó, ó jókòó lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni mo wí, "ṣé agogo méjì ti lù?"

Ta Lugakingira wo agogo, ó wo alásè.

"Báwo ni yóò ṣe lù? Ṣé ìwọ ò rí i pé ó kún ni?"

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì, gbogbo bọ́ọ̀sì tẹ̀lé wa. Ó ṣí ìwé. Ó kọ orúkọ mi. Ó kọ orúkọ bàbá mi. Ó wá gbé kálámù dúró.

"Àpọ́n ni ọ́, àbí o ti gbéyàwó?"

Mo ní àpọ́n ni mí. Ní ojú fèrèsé, èèyàn bí ogún ló wúkọ́ pa pọ̀. Ta Lugakingira wo Ishengoma, tó dúró létí ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpótí lórí.

"Òótọ́ ló sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí o, sà," ni Ishengoma wí, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láì fi ẹyọ kan kún un.

Akọ̀wé àgbà náà yíjú padà sí mi. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tó lè fi rẹ́rìn-ín.

"O jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Mo jẹ ẹ́, sà."

"O ti ra ìró?"

"N kò tíì rà á."

"Ìdajì ìgbéyàwó nìyẹn. Ìwé ìjọba ò ní àyè fún ìdajì." Ó kọ 'àpọ́n' sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí o bá ra ìró fún ọmọ yẹn, o ti gbéyàwó nìyẹn, màá pa orúkọ rẹ rẹ́. Ẹni tó gbé àpótí yẹn ni yóò wọlé."

Bí mo ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, ọdún méjì gbáko. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń lọ dúró ní gáréèjì létí adágún de A Ó Dé. Ta Kaijage á na ewé kan sí mi láti ojú fèrèsé, ẹyọ kọfí tí a máa ń jẹ lẹ́nu bí obì ni Kemilembe dì sínú rẹ̀. Kò fi senene ránṣẹ́ rí. Ó ní òun ò fẹ́ ba ìwé mi jẹ́.

Ishengoma náà kò simi. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń rìn dé Muhutwe láti lọ wò ó bóyá ìró tuntun ti wà lára Kemilembe. Wọ́n á fún un ní omi, á jókòó, á bá bàbá rẹ̀ já kọfí, á tún òrùlé ṣe bí ó bá jò, á bi í pé, "Ṣé kò tíì rà á?" Wọ́n á ní kò tíì rà á. Á ní kò burú, òun lè dúró.

Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, mo ra ìró aláwọ̀ búlúù eléwé funfun, mo wọ A Ó Dé, mo sọ̀ ní Muhutwe, mo gba ilé bàbá Kemilembe lọ. Oṣù kọkànlá ni. Ishengoma ló jáde pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gba àpótí lọ́wọ́ mi bó ṣe gbà á lọ́jọ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ìwé," ni ó wí. "Ẹ jókòó."

Kemilembe jáde láti ilé ìdáná. Ìró tuntun wà lára rẹ̀, pupa. Ó gbé àwo senene lé Ishengoma lọ́wọ́, Ishengoma wá gbé e síwájú mi. N kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ má bẹ̀rù, bọ̀dá," ni Kemilembe wí. "Ọkọ mi ló gbé e fún yín, kì í ṣe èmi."

"O ò lè dúró dè mí ni?" ni mo bi í, nígbà tí Ishengoma lọ bu omi.

Ó wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì gbà lọ. Eyín tó gun ara wọn yẹn tún yọ díẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wọlé, bọ̀dá. Òun ló dúró."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti fi etí adágún yẹn sílẹ̀. Ìró búlúù náà ṣì wà nínú àpótí páànù kan náà níbí, n kò sì tíì rí ọ̀nà tí èèyàn fi ń yọ òórùn senene kúrò nínú páànù. Lọ́jọ́ náà ní Muhutwe, mo fa àwo sún mọ́ra, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo jẹ ẹ́. Mo dúró díẹ̀, mo ń fetí sílẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé tó wí pé, "Ó jẹ ẹ́."