Apá Nìkan Ló Sùn

"Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ọkọ yín yẹn ni ó… Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́ oorun, kò sí àṣírí tí kì í… Simiat! Simiat ló ń pè o, Ìyá Àlímì. Àmọ́ mi ò sí níbẹ̀ o."

Ìyá Táyọ̀, aládùúgbò wọn ní Ìjurin, ló sọ bẹ́ẹ̀ tó yára wọlé. Sẹ̀kínát, ìyá Àlímì, kò tíì sọ ẹrù tó rà bọ̀ lọ́jà Èrìjìyàn kalẹ̀ lórí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé àdá tí Àlàó ọkọ rẹ̀ fi ń la kòkó láàárọ̀ yẹ̀, ó ṣá a lọ́rùn ọwọ́, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìjerò. Simiat, ìyàwó kékeré, ló bá a lọ.

Sẹ̀kínát gúnyán, ó fi ewé wé e. Ó di aṣọ mẹ́ta sísàlẹ̀ agbọ̀n. Bó bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ilé baba rẹ̀ ní Aràmọ̀kọ yá. Nínú mọ́tò, ó ń rò ó: oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ọkàn ọkùnrin ńkọ́? Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún!

Láti ojú fèrèsé ọsibítù ló ti rí wọn. Àlàó na apá tí wọ́n fi báńdéèjì dì sórí ìrọ̀rí. Simiat ń fọwọ́ ra àwọn ìka rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ta lẹ wá wò, Mama?" Nọ́ọ̀sì Janet ló jáde sí i.

"Ọkọ mi. Ọkọ wa."

"Ẹ sọ fún ìyàwó yín kó yéé ra ọwọ́ yẹn. Abíyá la gún ọkọ yín lábẹ́rẹ́. Títí ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ yẹn ò ní mọ̀ pé ẹnìkan kan òun."

"Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun."

"Oorun kẹ̀? Apá nìkan ló sùn! Ojú ẹ̀ là kedere, ẹnu ẹ̀ ò sinmi bíi rédíò. Ó ní kí dókítà má rán ọwọ́ òun kúrú ju ìkejì lọ. Àfìgbà tó rí abẹ kó tó dákẹ́."

"Ó pe Simiat?"

"Ó pè é."

Agbọ̀n wúwo lọ́wọ́ Sẹ̀kínát. "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ má bù ú kù, ẹ má fi kún un. Kí ló wí?"

"Ibi orí ẹ̀ ni mo dúró sí. Ó ní, 'Ẹ má jẹ́ kí Simiat wọlé o. Ọmọdé ni, ẹ̀rù á bà á. Ẹ bá mi wá Sẹ̀kínát. Òun nìkan ló ti rí ẹkún mi rí.'"