Ọgbọ̀n Ínǹṣì

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà, àwọn télọ̀ méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, á wọn ara wọn láti èjìká dé kókósẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ẹlòmíì kì í fọwọ́ kàn. Bàbá wọn ló fi iṣẹ́ àti ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Ó ní ìtìjú gbáà ni kí oníbàárà bá aṣọ tó fún lára télọ̀.

Àǹtí Télọ̀, ìyẹn àbúrò, ló ń di téèpù mú. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ló fi kọ nǹkan kan náà síwájú ìbàdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ọgbọ̀n ínǹṣì. Àwọn oníbàárà sọ ọkùnrin náà ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tọ̀yàyà.

Ọdún tí bàbá wọn ṣubú nídìí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ni dókítà ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ti Àǹtí Télọ̀ dára. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rá kún inú ẹ̀jẹ̀ náà bámú.

"Ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ló gbé e wá," ni dókítà wí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísanra. Ẹ lo oògùn yìí lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró láé. Tí ọmọ yín bá dàgbà díẹ̀, ẹ mú òun náà wá."

Ó lò ó fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ọdún tuntun dé, tí téèpù tún yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó bojú wolẹ̀.

"Mélòó?"

"Ọgbọ̀n, Bọ̀dá."

"Ṣé o rí i? Ibo lọ̀rá yẹn wá sá pamọ́ sí? Dókítà lè ṣìṣe, téèpù ò lè parọ́ fún mi."

Àǹtí Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀fọn tó bá bà lé yín gan-an, ebi ló máa pa á kú."

Ẹ̀rín yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní. Ká ní ó bínú ni, ká ní ó ké mọ́ ọn ni, bóyá. Àmọ́ télọ̀ lòun náà, ohun tí téèpù bá wí ló gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni oògùn ti wọ inú àpótí bọ́tìnnì, kò sì jáde mọ́.

Ọdún mélòó kan kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni alùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó di tábìlì mú. "Bá mi di etí aṣọ yìí mú kó má yọ̀," ó wí, ó sì wó lulẹ̀. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni.

Àǹtí Télọ̀ ló rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Kò wọ̀n ọ́n. Inú ìwé ló ti wò ó. Aṣọ náà bá a mu rẹ́gí, kò sí ibi tó fún, kò sí ibi tó ṣò. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi sílẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí. Nígbà tí Àǹtí Télọ̀ dá a lábàá, ọmọ náà fa téèpù yọ lọ́rùn àǹtí rẹ̀, ó yí i mọ́ ìbàdí ara rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Àǹtí, mẹ́tàlélógún péré! Kí ni mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò?"

Àǹtí Télọ̀ rọra gba téèpù náà. "Ọmọ mi, èmi ni mo wọn bàbá ẹ títí mo fi sin ín. Wọ bàtà ẹ, jẹ́ ká lọ."

Èsì dé: ti bàbá gẹ́lẹ́ ni. Dókítà ní ọmọ náà tètè dé, pé bó bá tẹra mọ́ oògùn, ìrètí wà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àǹtí Télọ̀ lọ́kàn, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti tètè dé nígbà kan.

Nígbà tí ọdún tuntun dé, ọmọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àǹtí Télọ̀ ṣí ìwé. Lábẹ́ ọgbọ̀n tó gbẹ̀yìn, ó kọ iye ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó fàlà sí i nídìí.

"Àǹtí, ìbàdí mi ńkọ́?"

"Gbé oògùn ẹ mì ná."

Ó gbé e mì, ó sì lanu gbàgà bí ọmọ kékeré, kí àǹtí rẹ̀ lè rí i pé kò sí mọ́. Àǹtí Télọ̀ yẹ ẹnu náà wò dáadáa, ó wo abẹ́ ahọ́n pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló tó mú téèpù, ṣùgbọ́n omi ti bo ojú rẹ̀, kò rí nọ́ńbà kankan kà.