Ìlà Tí Amatullah Kò Pa Rẹ́

"Pa ìlà yẹn rẹ́, Amatullah! Kí iṣẹ́ ṣáà ti kọjá!"

Ohùn Dúrótìmí, ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó, bú jáde nínú fóònù débi pé Bàlíkísù gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù Bàlíkísù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ aránṣọ, ní Ìkirè ni Amatullah máa ń sá wá láti Àpòmù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já a kulẹ̀ nílé.

"Sà, tí mo bá pa á rẹ́, dátà á ya wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀."

Orí mẹ́ńfíréèmù, kọ̀ǹpútà ràgàjì tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Amatullah ló kọ mákírò tó ń kó dátà láti ibì kan sí ibòmíràn: ọ̀rọ̀ kan péré lèèyàn yóò tẹ̀, mákírò yóò sì tú u sí odidi àṣẹ fún ẹ̀rọ. Ó wá fi ìlà kan sí i pé bí ibi tí dátà ń lọ kò bá gbà á, kí mákírò pariwo, kí iṣẹ́ dúró. Láàárọ̀ yìí, ó pariwo. Àdírẹ́sì aláìsàn kan ti gùn ju àyè rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi tipátipá kó o, ìrù rẹ̀ yóò bo orúkọ oògùn tí aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àbí o fẹ́ lọ jókòó sílé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó pẹ́ kó tó rí iṣẹ́ tó jẹ́ kó wà nítòsí ìyá rẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kì í ṣe ìgbà tí aláìsàn bá ti gbé oògùn mì.

"Mi ò ní pa á rẹ́, sà. Ẹ jẹ́ ká fẹ àyè àdírẹ́sì."

Dúrótìmí pa fóònù mọ́ ọn létí. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà tì í síta. Kò lè wọlé sórí mẹ́ńfíréèmù mọ́.

"Ṣé wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni?" Bàlíkísù bi í.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Síbẹ̀, ó kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá tó ju Dúrótìmí lọ, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí Ìfẹ́olúwapọ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó pè é. "Àǹtí, èmi ni wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Mo kọ̀. Wọ́n pe Olúyínká tá a jọ ń ṣiṣẹ́, òun náà kọ̀. Wọ́n ti wá ń fẹ àyè yẹn báyìí."

"Tèmi ńkọ́?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan."

Bàlíkísù ní kó pe ọ̀gá rẹ̀, kó bẹ̀ ẹ́. Amatullah mi orí. Ó di ẹrù rẹ̀, ó jáde lọ wá ọ̀kadà tí ń lọ sí Àpòmù. Ibi tó dúró sí lẹ́bàá títì ló ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rù ò tíì kúrò lára òun. Ẹ̀rù náà ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, kò sì dí i lọ́wọ́ ohunkóhun.