Ẹ̀yìn Àmì-Ẹ̀yẹ Àbúrò

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní kí ìyá onífọ́tò kan ya fọ́tò àwọn àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n fún àwọn èèyàn, fún ìwé ìròyìn ọdún wọn. Àbúrò rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní á-bí-dí, wà lára àwọn tó gbà á. Owú sì ń ta á lára bí ata. Ó ya iwájú tàwọn yòókù, níbi tí àwòrán olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ti ń dán. Ti àbúrò, ẹ̀yìn ló yà kó má bàa wu ẹnikẹ́ni, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju orúkọ àbúrò lásán lọ.

Inú olóòtú ìwé náà dùn nígbà tó rí fọ́tò ẹ̀yìn yẹn. “Orúkọ ẹni tó gbà á hàn kedere níbí, mà. Èyí la máa gbé sí èèpo iwájú ìwé.”

Nígbà tí ìwé jáde, àbúrò dì mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé mi ga.”

“Kú oríire,” ló fèsì. Ó sì tètè dojú ìwé náà dé.