Ojú Pupa Fáráò

Bí Ipuki bá sọ fún yín pé òun ò jowú, ẹ má gbà á gbọ́. Irọ́ gbuu ni! Kí Hatiayi tó dé, ta ló ń yọ́ gíláàsì aláwọ̀ aró ní gbogbo ìlú Wásẹ́tì ní Íjíbítì? Òun ni. Ta ló ń gé e wẹ́wẹ́, tó ń fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ sílẹ̀, títí ìyẹ́ àṣá òrìṣà á fi máa kọ mànà? Òun náà ni. Àfi bí Hatiayi ṣe ti àríwá dé, tó mọ gíláàsì pupa yọ́, ni Setawu, ọ̀gá iṣẹ́ wọn, bá ń pè é ní ọlọ́wọ́ wúrà.

“Ọlọ́wọ́ wúrà! Ṣé ọwọ́ tèmi wá jẹ́ ẹrẹ̀ ni?” ni Ipuki ń ráhùn nídìí oúnjẹ nílé.

“Ẹ jẹun yín jàre,” ni Tamiti ìyàwó rẹ̀ wí. “Ṣé Hatiayi ló ní kẹ́ ẹ má mọ pupa yọ́?”

Àwòrán ojú Fáráò ọba wọn, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ni wọ́n fẹ́ fi gíláàsì tò sára ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì, pupa sì ni wọ́n fi ń ṣe ojú alààyè. Ẹni tó bá ṣe é ni yóò jọ̀gá, torí Setawu ò ríran dáadáa mọ́. Hatiayi ni wọ́n gbé e fún. Ó da bàbà mọ́ gíláàsì, ó gbé e sínú ìléru, ó sì fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun ọ̀sán, Ipuki mú irin, ó fi dá ihò sára amọ̀ náà, ó jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé dáadáa, ó sì tún ihò náà dí.

Nígbà tí wọ́n tú u, ojú Fáráò ti di àwọ̀ ewé.

Ta ni kò mọ̀ pé Òsírísì, ọba àwọn òkú, ló ní ojú aláwọ̀ ewé? Ipuki kàn fẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́ ni, kò rántí Òsírísì rárá.

“Hatiayi! O sọ Fáráò di òkú?” Setawu fi òòlù fọ́ gíláàsì náà yángá. “Máa lọ sílé kí n tó kó sí wàhálà! Ipuki, ìwọ lo máa ṣe é. Tó bá pupa, ipò mi di tìẹ.”

Inú Ipuki dùn dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti rántí pé òun ò mọ pupa yọ́.

Ló bá gbé ọtí ọkà lọ sílé Hatiayi. Hatiayi dìde, ó fún un ní àpótí, “Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n.” Ó sọ ìwọ̀n bàbà fún un, ó sọ igi tó ń rú èéfín tó fi ń dáná, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Èyí gan-an ló wá dun Ipuki jù. Ká ní òun ni, òun ì bá gé ahọ́n òun jẹ. Àní ìwà rere ọmọkùnrin yìí, ó ń jowú rẹ̀!

“Ṣó tán?” ni Ipuki bi í.

“Ó ku ẹyọ kan. Atẹ́gùn ò gbọdọ̀ wọ inú ìléru, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á di àwọ̀ ewé.” Hatiayi bu ọtí fún un. “Àmọ́ ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.”