Káàdì Ajá

Ní ilé iṣẹ́ tí Ìyá Orísun ti ń ṣe akọ̀wé, òfin kan wà tó ga ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ gbé inú ọgbà bí káàdì orúkọ náà kò bá pé: ìtumọ̀ lápá òsì, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ lápá ọ̀tún, ìbuwọ́lù nísàlẹ̀. Òtítọ́ nìkan ni kí a kọ, àlàfo kò sì gbọdọ̀ wà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń kọ káàdì. Ọ̀kan kò já mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Wọn kì í fi òfin náà ṣeré. Nígbà tó kọ ọ́ pé inú èdè Látìn ni "muscle" ti jáde, pé eku kékeré ni àwọn ará àtijọ́ fi iṣan apá wé, ọ̀gá ra pàkúté mẹ́ta fún àwọn aláàárù. Ẹni tó bá wá wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ funfun, nítorí "candidate" ti ara aṣọ funfun tí àwọn tó ń wá ipò ní Róòmù máa ń wọ̀ ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá fẹsẹ̀ kọ ajá lẹ́nu ọ̀nà. Ajá bàbá aṣọ́nà ni, ó sì ti ń sùn níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀gá bèèrè káàdì "dog". Wọ́n tú àpótí, wọn ò rí i. Ó ní bí káàdì kò bá pé títí ọjọ́ Ẹtì, kí ajá fi ọgbà sílẹ̀.

Aṣọ́nà kò níyàwó, kò bímọ, yàrá ẹnu ọ̀nà ni ilé rẹ̀. Ajá yẹn ni gbogbo ẹbí tó ní. Bàbá náà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé àga wá síwájú tábìlì Ìyá Orísun, ó jókòó, ajá wọ abẹ́ àga.

Ìyá Orísun rò pé kí omi tó hó ni òun yóò ti parí rẹ̀. Ó ṣí ìwé ńlá: ìwé ní ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ó ṣí òmíràn: bákan náà. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tó ń ṣe fọ́ńté ní bàbá, wọ́n ní ìyá. Èyí tí ọmọdé kọ́kọ́ ń kọ́ kò lẹ́nì kan.

Obìnrin atẹ̀wé tó jókòó tì í ní kó kọ Látìn síbẹ̀ kó sinmi. "Àbí ta ló fẹ́ lọ bi òkú léèrè, Ìyá?"

"Èmi ni n óò bi ara mi."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ọ̀gá mú okùn dé. Aṣọ́nà dìde. "Ẹ ti gbìyànjú, ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ."

Ìyá Orísun mú kálàmù. Lápá ọ̀tún ó kọ ohun tí kò kọ rí láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀: A kò mọ̀. Ó buwọ́ lù ú. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n yọ eyín.

Ọ̀gá kà á. "Kí lèyí? A kò mọ̀ kì í ṣe orísun."

"Òfin ní kí àlàfo má wà, ọ̀gá. Àlàfo dà? Òfin ní kí n kọ òtítọ́. Irọ́ dà?"

Ọ̀gá yí káàdì síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sókè sí iná, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá buwọ́ lù ú. Aṣọ́nà padà jókòó gbì. Ajá ń hanrun.

Kò tó wákàtí kan, ìròyìn ti kárí. Ogójì káàdì ló dé orí tábìlì kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wọn ló sì ń wí pé a kò mọ̀. "Quarantine" pàápàá wà níbẹ̀, èyí tí ogójì ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi fi ń dúró létíkun bí ní gbangba. Atẹ̀wé ló kọ ọ́.

Ìyá Orísun kò ya ìkankan, nítorí bébà kì í ṣe ewé. Ó fi rọ́bà pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ rẹ́, ó sì pe àwọn tó kọ wọ́n jọ.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ti ajá kí n tó lẹ́nu láti sọ pé mi ò mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin ò tíì ṣíwèé. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó.