Òwú Inú Akèrègbè

Ládòkun ń fi abẹ gé òwú kúrò ní ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ náà. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ni ó tẹ́ ẹ sí. Kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Òwú pupa ti wọ inú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ti wú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Kò hàn mọ́ ibi tí òwú parí sí àti ibi tí ẹran ti bẹ̀rẹ̀.

Mọ́rìnọ́lá ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó fi ìka méjì di orí ẹyẹ náà mú kí ó má baà jà. Ọmọ ẹyẹ méjì yòókù ti kú. Wọ́n wà lórí ìdérí ìkòkò nílẹ̀, òwú ṣì so wọ́n pọ̀.

"Ẹ rọra," ni Mọ́rìnọ́lá wí.

Ó rọra. Òwú já. Ẹsẹ̀ náà bá a já. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Ẹyẹ náà la ẹnu, kò dún.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ tí àwọn tó wà níta ń kí Nọ́ọ̀sì káàbọ̀ láti Ìbàdàn.

Olúwakẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìgbòho ni. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n gbé e wá, ó sì gba yàrá kan nínú agbo ilé Ládòkun. Ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni. Ẹyẹ méjì wà lára ẹrù rẹ̀, akọ kan, abo kan, nínú àgò onírin. Bàbá rẹ̀ ni ó fi àwọ̀n mú wọn nínú oko jéró. Kì í ṣe ológoṣẹ́. Wọ́n kéré jù ú lọ. Akọ pupa láti orí dé àyà bí ohun tí wọ́n tẹ̀ bọ osùn. Abo ní àwọ̀ eruku, ẹnu rẹ̀ ni ó pupa.

Àwọn ará ilé ń béèrè ọjọ́ tí yóò sè wọ́n. Adétúnjí, ahunṣọ tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ládòkun, wò wọ́n títí, ó ní àwọn méjèèjì kò tó ẹran ọbẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n pamọ ni.

Wọn kò tíì pamọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà àkọ́kọ́, ìjàlọ wọ inú àgò, wọ́n jẹ ẹyin tán. Nígbà kejì, àwọn ọmọ ilé ń yọjú wo ẹyin ṣáá, abo fi í sílẹ̀, kò sàba mọ́. Nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá akèrègbè kékeré kan, ó dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó so ó mọ́ òkè inú àgò. Àwọn ẹyẹ kó koríko sínú rẹ̀. Abo yé ẹyin mẹ́rin, funfun, tí kò tóbi ju ẹ̀pà lọ.

Ẹyin wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ó lọ gba ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí òun lọ nígbà mìíràn. Wọn kò gbà.

Ládòkun ni ó gbé ẹyẹ fún, nítorí ojú kan ni í jókòó sí láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kì í sì í pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó bẹ̀ ẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Jéró àti èso koríko ni oúnjẹ wọn. Kí wọ́n lọ èèpo ẹyin adìẹ sí i, kí ara abo lè le. Omi tuntun nínú àwo pẹlẹbẹ, nítorí wọ́n ń wẹ̀. Bí ẹyin bá pa, kí ó wá ikán kéékèèké, ìyá àti bàbá ni yóò jẹ ẹ́ kí wọ́n tó fi bọ́ ọmọ. Kí ó fi aṣọ bo àgò tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí ọyẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ akèrègbè.

"Koríko gbígbẹ nìkan ni kí wọ́n fi ṣe ìtẹ́, Bàbá Àsánì," ni ó sọ kẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òwú dé ọ̀dọ̀ wọn."

Bàbá Àsánì ni gbogbo ilé ń pe Ládòkun, nítorí àkọ́bí rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rò pé nítorí iṣẹ́ òun ni ó ṣe sọ ọ́. Òwú wọ́n. Ẹyẹ a máa fà á, a sì máa bà á jẹ́. Ó rò pé ọmọ dáadáa ni Nọ́ọ̀sì, tí kò fẹ́ kí ẹyẹ òun ba iṣẹ́ àgbàlagbà jẹ́. Kò béèrè ìdí. Kò sí ahunṣọ kan lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń hunṣọ tí yóò rò pé òwú lè pa nǹkan. Òwú ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Òwú ni wọ́n fi ń so ìwọ́ ọmọ tuntun.

Àwọn nǹkan yòókù, ó ṣe wọ́n bó ti yẹ. Ó gbé àgò kọ́ sára òpó lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí oòrùn kì í pọ̀ sí. Ó ń lé àwọn ọmọdé. Bí ó bá ti kírun àsùbáá tán, á gba ọ̀nà oko lọ wo ibi tí ikán wà. Àjákù aṣọ ẹtù ni ó fi ń bo àgò. Ó máa ń dá ọ̀kọ̀ òfì rẹ̀ dúró láti wò wọ́n: akọ yóò wọlé sàba, abo yóò jáde wá jẹun, abo yóò tún padà. Ó ní kí Adétúnjí má lu òfì rẹ̀ kíkan kíkan mọ́.

"Bàbá Àsánì, ṣé kí n máa fi ẹnu fẹ́ aṣọ náà ni?" ni Adétúnjí wí.

Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ gbé àjákù òwú pupa kan lọ sára àgò. Akọ yọ orí láàárín irin, ó fà á wọlé, ó gbé e wọ inú akèrègbè. Ládòkun rí i. Ó yẹ kí ó dìde. Kò dìde. Ó dùn mọ́ ọn. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé òwú òun kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, pé Nọ́ọ̀sì yóò dé bá ohun ẹlẹ́wà.

Kò ṣa èyí tó wà nílẹ̀ fún wọn. Ó gé tuntun, pupa àlàárì, àti òwú dídán tí ó ń ti Èkó wá. Ó gé e gùn, kí etí rẹ̀ lè yọ síta ihò. Àwọn ẹyẹ ń gbà á bó ti ń fi fún wọn. Kò pẹ́ tí òwú fi yọ lẹ́nu akèrègbè bí ìṣẹ́tí aṣọ. Àwọn ahunṣọ dìde wá wò ó. Oníbàárà kan láti Ṣakí tó wá gba aṣọ rẹ̀ pe ìyàwó rẹ̀ kí òun náà wá wò ó.

"Ẹ wo ìyà," ni Adétúnjí wí. "Èmi tí mò ń hun àlàárì, orí ẹní ni mò ń sùn."

Ládòkun ń gé òwú lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó fi òwú aláwọ̀ ìyeyè kún un.

Ẹyin mẹ́ta pa. Ìkẹrin kò pa. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ nígbà tí ìyá bá wọlé, ohùn tíntínní. Bí wọ́n bá la ẹnu sókè, ó ń rí àmì funfun inú ẹnu wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń wá ikán. Lẹ́yìn náà, ó ṣàkíyèsí pé orí kan ṣoṣo ni ó ń yọ sókè dáadáa. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ọwọ́ má wọ akèrègbè. Àṣẹ yìí ni ó pa mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì dé, ọmọ ẹyẹ kan ń rọ̀ lẹ́nu ihò, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òwú ni ó so ó ní ẹsẹ̀. Ó ti kú. Ládòkun ki ọwọ́ bọ inú. Ó bá èkejì tó ti kú, òwú kan náà ni ó dè wọ́n, àti èyí tó wà láàyè.

Nọ́ọ̀sì wọ abẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìta. Ó rí wọn. Ó rí ọwọ́ Ládòkun. Ó gbé àpò sílẹ̀.

Mọ́rìnọ́lá ti da etí aṣọ rẹ̀ bo ìdérí ìkòkò. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìjàlọ ni, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá Àsánì ni ó yọ ẹyọ kan yìí lẹ́nu wọn."

Ládòkun gbọ́ ọ. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ti fún òwú tó gé mọ́ inú ọwọ́ ọ̀tún.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ni òun jẹ̀bi, òun ti mọ̀ pé ìjàlọ wà, ó yẹ kí òun ti fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì yí òpó ká kí òun tó lọ. Ó ní ẹlòmíràn ìbá wulẹ̀ sùn. Àwọn ahunṣọ yòókù ń wo òfì wọn. Kò sí ọ̀kọ̀ tí ó lọ. Adétúnjí wúkọ́.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó lọ gbé kẹrosíìnì wá. Ó ń wá ojú ọ̀nà tí ìjàlọ gbà. Ó wo ìdí òpó, kò rí nǹkan. Ó wo ẹsẹ̀ ògiri. Ó tún kúnlẹ̀, aṣọ ìrìn àjò rẹ̀ wà nínú eruku, ó ń fi igi tú ilẹ̀ láti wá ihò wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ Ládòkun ibi tí wọ́n ti jáde. Ó ń wá kiri. Ó dé ìdí òfì Ládòkun, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó gbé ẹsẹ̀.

Ládòkun gbé ẹsẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó ti tẹ̀ sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni ó wí. "Kò sí ìjàlọ."

Ó gbé ojú sókè.

Ládòkun la ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi òwú hàn án. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí ìdérí ìkòkò. Mọ́rìnọ́lá dìde, ó wọ ilé lọ.

Nọ́ọ̀sì wo àwọn ọmọ ẹyẹ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó wo akèrègbè inú àgò. Kò tíì wò ó láti ìgbà tó dé.

"Mo sọ fún yín," ni ó wí.

"O sọ fún mi."

"Ta ló fi sí i?"

"Èmi ni."

"Kí ni ẹ rò pé mo torí ẹ̀ sọ ọ́?"

"Mo rò pé òwú mi lò ń ṣàánú."

Bí Nọ́ọ̀sì bá bú u, ìbá sàn. Ó ní kí ó yọ akèrègbè náà wá, kí ó yọ òwú inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, kí ó má ṣẹ́ kù. Ládòkun jókòó níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ń yọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Ó ti wé mọ́ koríko. Ọwọ́ rẹ̀ mọ òwú. Adétúnjí la ẹnu bí ẹni fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó pa á dé, ó dìde, ó lọ já koríko gbígbẹ wá lẹ́yìn ilé.

Nọ́ọ̀sì fi oògùn sí ojú ọgbẹ́. Ó dá ọmọ ẹyẹ náà padà sínú koríko tuntun. Gbogbo wọn kúrò lábẹ́ àtíbàbà kí ìyá lè sún mọ́ ọn. Wọ́n dúró lẹ́yìn ògiri. Ó pẹ́. Akọ ni ó kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n gbọ́ ohùn tíntínní náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó gbé àgò lọ sí yàrá rẹ̀. Kò gbé e jáde mọ́. Láràárọ̀ ó ń kúnlẹ̀ kí Ládòkun bí ó ti máa ń ṣe, ó ń béèrè àlàáfíà Àsánì. Ládòkun ń dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá kò yà sí yàrá rẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá béèrè ẹyẹ alálàárì, Ládòkun á ní kò sí mọ́.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbẹ́tì. Ládòkun gbé àpò rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó níwájú, ó gbé àgò lé itan. Ẹyẹ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni ọ̀kan nínú wọn fi dúró.